Bẹ́ẹ̀dì Tó Gùn Ju Abíọ́dún Lọ

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 ni mo rán aṣọ ilé ìwé tuntun fún Abíọ́dún, ọmọ mi. Kí oṣù náà tó parí, aṣọ ti gòkè kọjá orúnkún rẹ̀. Aránṣọ ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń fi tépù wọn ara èèyàn ní Igbó-Ọrà. Mo mọ bí ọmọ ṣe ń dàgbà, mo sì mọ iye tí à ń ká sí etí aṣọ ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ó lè lò ó fún ọdún méjì. Íǹṣì mẹ́rin ni mo ká sí etí aṣọ yẹn. Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí Sátidé mìíràn fi máa pé, orúnkún ọmọ tún ti yọjú.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ta ni kì í fẹ́ kí ọmọ òun dàgbà? Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń kí mi pé, "Ìyá Abíọ́dún, kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?" Èmi náà á sì máa yangàn, mà á ní ẹ̀wà ni, ẹ̀wà àti ẹyin. Irọ́ ni mo ń pa. Ọmọ náà kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kódà, oúnjẹ tó ń ṣẹ́kù sínú àwo rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ọkọ mi, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Japheth Gbénró ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ga débi pé nígbà tó wá tọrọ mi, bàbá mi sọ fún un pé kí ó tètè jókòó kí ọrùn má baà dun òun. Ó ní iṣẹ́, ó ní ìyàwó, ṣùgbọ́n igi ló fẹ́ràn jù. Kò kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ra ayùn, ó ra òòlù, ó ra irin tí wọ́n fi ń fá igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kò ta ohun tó ṣe fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀bùn ló ń fi ṣe. Bí Kérésìmesì bá ti dé, olúkúlùkù nínú ẹbí ni yóò gba tirẹ̀: òòyà, àpótí ìjókòó, orógùn. Ìgbà kan wà tí mo ní orógùn mẹ́fà nínú ilé bí ẹni tó ń ro ọkà fún àwọn sójà. Mo máa ń bínú sí i gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi lára bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ tó ń sunkún, ara mi á tún rọ̀.

Mo ti kọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ la igi nínú ilé mi. Abà ló ti ń ṣiṣẹ́ náà, ní Ìdí-Ẹ̀mì, níbi tí bàbá rẹ̀ fi oko sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú, kò ju wákàtí kan lọ. Ní Sátidé àti nígbà ìsinmi, a ó di ẹrù wa, Abíọ́dún á jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó di abà. A ó sun iṣu, a ó fi epo jẹ ẹ́ lábẹ́ igi ẹ̀mì. Àparò á máa ké nínú koríko, a ó wẹ̀ lódò, a ó sì sùn ní ọ̀sán gangan lórí ẹní. Ọmọ kan ṣoṣo ni Abíọ́dún. Mo bí méjì ṣáájú rẹ̀, wọn kò dúró. Nítorí náà, bí ó bá ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi yẹn, èmi a máa wò ó bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n yá a.

Bàbá Àkíbù ni aládùúgbò wa ní abà. Sàláúdéènì gan-an ni orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré ni, àgbẹ̀ ni, ọkùnrin kúkúrú tó ki pọ́pọ́. Òun àti ọkọ mi mọwọ́ ara wọn gan-an. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan igi kí wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Ní àárín oṣù kẹjọ ọdún náà, nígbà tí a wà ní abà fún ìsinmi, ọkùnrin náà kírun àárọ̀ tán, ó ní ó rẹ òun, ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ pé kí wọ́n ṣe fún òun. Ọkọ mi bá wọn gbẹ́ sàréè. Èmi wà nínú yàrá pẹ̀lú Mùnírátù, Ìyá Àkíbù, ìyàwó olóògbé, tó ti wọ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe é, opó kì í sì í jáde rìn. Òjò ńlá dé bá àwọn ọkùnrin lórí sàréè. Wọ́n sáré da erùpẹ̀, wọ́n sì sá wọlé.

Ní ọjọ́ kejì ni mo rí ọ̀pá ọparun kan tí ọkọ mi fi ti ògiri níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó tọ́ gbọnrangandan, ó pọ́n bí ohun tó ti pẹ́ nínú èéfín, ara rẹ̀ sì ń dán. Àmì ọ̀bẹ kan wà lára rẹ̀, tí ó dọ́gba pẹ̀lú ojú mi nígbà tí mo dúró tì í.

"Níbo lẹ ti rí èyí?" ni mo bi í.

"Mo rí i nílẹ̀ ni. Wo bó ṣe tọ́, Rosaline. Kòkòrò ò lè jẹ irú èyí láéláé."

N kò bi í mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ igi, ìbéèrè kan tí mo bá bi í, yóò fi odindi ọ̀sán dáhùn.

Bẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ fún Abíọ́dún ní Kérésìmesì ọdún yẹn. Orí ẹní ni ọmọ náà ṣì ń sùn, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tiwa, ó sì ti ń bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tó ti rí ti ọmọ pásítọ̀. Bàbá rẹ̀ ṣèlérí pé òun yóò gbẹ́ òdòdó sí ibi ìgbérílé rẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án, ó pè é jáde sábẹ́ igi ẹ̀mì, ó gbé ọ̀pá ọparun náà dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí àtàrí rẹ̀ dé. Ìdí ààrò ni mo wà. Mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ náà lára ọparun, ó sì ṣe mí bákan, nítorí pé ó dún sókè ju bó ti yẹ kí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ dún lọ. Abíọ́dún, tó ti ń rẹ́rìn-ín, dákẹ́. Ó fọwọ́ pa àtàrí rẹ̀.

"Bàbá, ó tutù," ló wí.

"Kí ló tutù? Ọ̀bẹ ò kàn ẹ́," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkọ mi ní kí n wá wo nǹkan kan. Pákó méjì tí yóò jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ló kó sílẹ̀. Ó ní òun fi ọ̀pá náà wọ̀n wọ́n, òun fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé e kí ọmọ lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí, òun sì gé wọn. Ó gbé ọ̀pá lé wọn níwájú mi. Àwọn pákó náà kọjá àmì Abíọ́dún, wọ́n kọjá àtẹ́lẹwọ́ tó fi lé e. Ibi àmì ti àtijọ́ ni wọ́n dé, géérégé. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti ń dé bá ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún wọn igi mìíràn, ó gé e lójú mi, mo sì fi tépù tèmi wọ̀n ọ́n: íǹṣì méjìléláàádọ́ta. Ní Sátidé kejì tí a dé, íǹṣì mọ́kànlélọ́gọ́ta ni pákó kan náà. Ayé ò rí i rí kí igi tí a ti gé máa gùn.

"Bóyá omi ló fà mu," ni ọkọ mi wí, olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ó sọ pé kò burú, Abíọ́dún á lè lò ó títí yóò fi di ọmọge. Ó kàn án pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òdòdó.

Ìgbà yẹn ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ga.

Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá, bàtà mi ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lórí àti lẹ́sẹ̀, ó ní kò sí àrùn kankan lára rẹ̀, ó sì fún un ní oògùn aràn. Ẹnu àwọn obìnrin tó ń kí mi rọ̀. Wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á wò mí, wọ́n á béèrè alàáfíà ọkọ mi dípò tirẹ̀. Ó ń ga, ó sì ń rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń tutù kódà nínú oòrùn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn káfúrà lára rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn ń fi sínú àpótí aṣọ. N kò ní káfúrà nílé. Mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Òórùn náà kò lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní abà, ó sùn lórí ẹní lábẹ́ igi. Ọmọ tí ó máa ń sùn bí ẹni tó ń jà tẹ́lẹ̀, tí a máa ń bá ní ìdí igi kejì, sùn lórí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ó na ara tọ́ọ́rọ́, kókósẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ó sì dojú kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Mo yí i padà sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Mo lọ bu omi sórí iná, mo bojú wẹ̀yìn, ó ti padà sí bó ti wà. N kò rí ìgbà tó mira. Mo sáré jí i.

"Abíọ́dún, kí ló dé tí o fi ń sùn báyìí?"

"Bàbá ló ní kí n tẹ́ ara mi dáadáa."

"Bàbá rẹ wà lódò."

"Kì í ṣe Bàbá tiwa, Màmá. Bàbá kúkúrú yẹn ni. Ìka ni wọ́n fi ń wọ̀n mí." Ó yán, ó nu ojú. "Wọ́n ní ó kù díẹ̀."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àlá ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ó wẹ̀yìn, ó wo ilé Bàbá Àkíbù fún ìgbà pípẹ́, kò sì mú ayùn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí n ti rí i lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí i o, mo kàn mójú kúrò ni. Ẹ̀rù ló bà mí láti béèrè.

A lọ abà ní Kérésìmesì bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀dì ti parí. Ó dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òdòdó márùn-ún ló wà níbi ìgbérílé rẹ̀, ewé sì lọ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ Kérésìmesì pé, ọkọ mi kò sì fi lé ọmọ lọ́wọ́. Aṣọ ló fi bò ó nínú yàrá ẹ̀yìn. Abíọ́dún kò sì béèrè, òun tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un láti ọdún tó kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, Ìyá Àkíbù wá kí wa. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó jáde opó. Ó gbé ẹ̀pà sínú igbá, ó ti ń kígbe láti òkèèrè.

"Ẹ kú ọdún o, ará ilé Tíṣà! Ẹ̀ẹ̀mín-ìn á ṣojú wa o!"

"Àṣẹ, Ìyá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Ó jókòó, ó da ẹ̀pà sí àwo, ó ní òun gbọ́ pé ọdún dára ní ìlú. Abíọ́dún jáde láti inú ilé, ó kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà wò ó láti ilẹ̀ dé orí.

"Ọmọ ta lèyí, Ìyá Abíọ́dún? Àlejò lẹ gbà?"

"Abíọ́dún ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rò pé mò ń ṣeré. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó sì tú u sílẹ̀ kíá.

"Èé ti jẹ́ tó ń rùn báyìí? Káfúrà tí wọ́n fi wẹ Bàbá Àkíbù nìyí." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ń wo àyíká bí ẹni tó sọ nǹkan nù, ojú rẹ̀ sì kan ọ̀pá tó wà lára ògiri. Ó dìde. Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án.

"Tíṣà," ó pe ọkọ mi, "níbo lẹ ti rí ọ̀pá yìí?"

Ọkọ mi ń ṣa ẹ̀pà nínú àwo, kò gbé ojú sókè.

"Orí àjà ààrò mi ni Àkíbù ọmọ mi ti yọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni èéfín mi fi kùn ún. Ọ̀pá tí wọ́n fi wọn bàbá kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ nìyí. Àmì orí ẹ̀ rèé." Ó yíjú sí mi. "Ọ̀pá òkú kì í gbé òde, ọmọ mi. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n á sọ ọ́ sínú kòtò, wọ́n á wá da erùpẹ̀ lé e. Èyí tí ò bá bá òkú lọ, á máa wá ẹni tó máa kún òun."

Mo wo ọkọ mi.

"Ẹ ní ẹ rí i nílẹ̀."

"Èmi ni wọ́n gbé e fún," ló wí. Ó wolẹ̀. "Àkíbù ní kí n ṣẹ́ ẹ kí n sì sọ ọ́ sínú kòtò. Òjò dé. Mo wò ó, ó tọ́ gan-an, Rosaline. N kò rí ọparun tó tọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní asán ni gbogbo ẹ̀, igi ni igi ń jẹ́. Mo fi sábẹ́ koríko."

Bí mo bá ní orógùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn lọ́wọ́ ni, orí rẹ̀ ni mi ò bá là wọ́n mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bú u. Mo pe orúkọ rẹ̀ gan-an, Japheth, èyí tí n kò pè rí láti ìgbà tí a ti bímọ. Mo bi í bóyá ó mọ̀ látìgbà tí pákó ti ń gùn. Ó ní òun fura. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ojú ló ń ti òun, olùkọ́ ni òun, ẹni tó ń wàásù ní ọjọ́ Àìkú, báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ pé òun gba ọ̀pá lọ́wọ́ òkú? Ojú ń tì í! Ọmọ mi ń lọ, ojú ń ti bàbá rẹ̀.

Bí a ti ń wí yìí, Abíọ́dún kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti lọ mu omi. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rí i. Bí àtàrí rẹ̀ ti kọjá lára ọ̀pá yẹn, ìka méjì péré ló kù kí ó bá àmì àtijọ́ dọ́gba.

"Ẹ jẹ́ ká rì í báyìí-báyìí," ni mo wí. "Ẹ fún mi lọ́kọ́!"

Ìyá Àkíbù di ọwọ́ mi mú. "Má ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì ọmọ wà lára ẹ̀. Bó o bá rì í lásán, o ri ọmọ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fá àmì náà kúrò, ẹni tó ni ọ̀pá ló lè pa àmì rẹ́. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni kó lọ bá a sọ̀rọ̀." Ó wo ọkọ mi, àánú sì wà lójú rẹ̀. "Kì í ṣèèyàn búburú, Tíṣà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó o."

Oòrùn wà ní àárín orí nígbà tí ọkọ mi mú ọ̀pá náà, ó sì lọ sí ẹ̀yìn ilé olóògbé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé òun. Mo gbé Abíọ́dún lé itan nínú ilé ìdáná Ìyá Àkíbù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn ń wọ́ nílẹ̀, mo sì ń yọjú láti ojú ihò ògiri. Kò jìnnà. Mo rí i tó kúnlẹ̀. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mira. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Kò sí ẹyẹ tó ń ké, koríko kò mira, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ ti ń fẹ́ láti àárọ̀.

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kọ ẹ̀yìn sí sàréè, ó sì dúró ṣánṣán. Mo rí ọ̀pá náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró lóòró, ó kan ilẹ̀, ó fara ti ẹ̀yìn rẹ̀ láti gìgísẹ̀ lọ sókè. Àmì àtijọ́ mọ ní èjìká rẹ̀. Mo wo ọwọ́ ọkọ mi. Méjèèjì ló rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ là sílẹ̀. Kò sí ẹni tó di ọ̀pá yẹn mú.

Mo bo ojú Abíọ́dún. Ìyá Àkíbù, tó wà lẹ́yìn mi, ń ka kéú lábẹ́lẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá òun náà rí i. Nígbà tí mo tún wò, ọkọ mi ti ṣẹ́ ọ̀pá sí méjì, ó ń fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀.

Ó padà wá, erùpẹ̀ kún ọwọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ bá a sọ?" ni mo bi í.

"Mo bẹ̀ ẹ́."

"Kí ló wí?"

"Ó gbà."

N kò tíì la ẹnu bi í ní ìkẹta tí Abíọ́dún fi fa aṣọ mi. "Màmá, ebi ń pa mí." Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ náà ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó jẹ iṣu àwo kan, ó jẹ òmíràn, epo ń kán sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́kún níwájú Ìyá Àkíbù, ojú kò tì mí. Mo gbọ́ òórùn ara rẹ̀: òógùn, èéfín, epo pupa.

Ọkọ mi gé bẹ́ẹ̀dì náà wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ yẹn, òdòdó márààrún, ó sì fi iná sí i. Ó kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ fún Láwàl káfíńtà ní Èrúwà. Mo yọ̀ pé a bọ́ lọ́wọ́ èérún igi. Inú mi dùn débi pé n kò ro nǹkan mìíràn. Abíọ́dún kò ga ní íǹṣì kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló wá ń lé ara rẹ̀ bá, ọdọọdún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí tí ẹnikẹ́ni kò fi rí ohun àjèjì nínú rẹ̀ mọ́. Ariwo rẹ̀ padà, àìgbọràn rẹ̀ padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àìgbọràn yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Ọkọ mi kò jẹ́ kí n rán aṣọ rẹ̀ mọ́. Ó ní iṣẹ́ mi ti pọ̀ jù, ó ń gbé ṣòkòtò rẹ̀ lọ fún télọ̀ kan ní Èrúwà. Agbádá àti bùbá ńlá ló sì ń wọ̀, òun tí kò fẹ́ràn aṣọ tó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ọdún mẹ́ta ó lé ni a fi gbé bẹ́ẹ̀.

Ní Àjíǹde ọdún 1975, ayàwòrán kan gun alùpùpù láti ìlú Tápà wá sí àdúgbò wa. Abíọ́dún, tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, ní dandan ni kí a ya fọ́tò. A wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a dúró síwájú ilé, èmi àti bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, òun níwájú. Ayàwòrán náà bo orí sábẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó tún yọ ọ́ jáde.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ nàró díẹ̀. Ẹ ti tẹ̀ jù. Màmá ga jù yín lọ níbí."

"Mo ti nàró," ni ọkọ mi wí.

Ayàwòrán náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé orí sókè, sà. Ẹ ṣe bí ọkọ ìyàwó."

"Mo ti nàró, ọmọ mi."

Mo yí ojú sí i láti wò ó. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń gbé orí sókè kí n tó rí ojú ọkùnrin yìí. Mo gbé e sókè bó ti mọ́ mi lára, ọ̀run ni mo rí. Mo sọ orí kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀ sí tèmi, ó ń wò mí. Ó tẹjú mọ́ mi pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ti ń retí pé kí n rí i. N kò nílò tépù. Iṣẹ́ mi ni.

"Bàbá Abíọ́dún," mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ọmọ má baà gbọ́, "mélòó ló kù kẹ́ ẹ tó dé ibi àmì yẹn?"

"Íǹṣì méjì."

Ó fi ọwọ́ rẹ̀ di ìgbọ̀nwọ́ mi mú lábẹ́ agbádá, ọwọ́ náà sì tutù. Níwájú wa, Abíọ́dún ń kùn pé oòrùn ti ń ta òun lójú, ìgbà wo ni a máa parí, ó sì bojú wẹ̀yìn láti mọ ohun tó ń dá wa dúró.

"Rẹ́rìn-ín, Rosaline," ni ọkọ mi wí. "Ọmọ ń wò wá."

Mo rẹ́rìn-ín.